Àwọn Agbárí Márùn-ún àti Ojú Bàbá Mi

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó sójú kan. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé wọ́n gbàgbé láti fi sùúrù kún amọ̀ tí wọ́n fi mọ mí. Bí mo bá gbé omi kaná, mi ò lè dúró kó hó. Màá ti lọ gbálẹ̀, màá ti padà wá ṣí ìdérí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ má baà bi mí pé kí ló dé tí mi ò fara balẹ̀ ronú lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ ni.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fín orúkọ sára idẹ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohunkóhun tó bá wà nínú gíláàsì níbẹ̀, ìkòkò o, owó àtijọ́ o, egungun ẹja o, èmi ni mo fín àkọlé rẹ̀. Yàrá iṣẹ́ mi wà ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àkàbà sí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ni mo sì ń rí níbẹ̀. Eruku idẹ ti wọ abẹ́ èékánná mi débi pé ọṣẹ ti gbà fún un. Bàbá mi ní tirẹ̀ wà lókè, ní gbọ̀ngàn àwọn agbárí. Òun ló ń mú àlejò káàkiri, tó ń ṣàlàyé fún wọn. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é ní Bàbá Látìn.

Kò lọ sí yunifásítì kankan o. Ẹrù ló ń gbé níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan tó mọ̀ nípa egungun ló kó àwọn agbárí yẹn jọ. Bàbá mi ló ń bá a gbé àpótí, bí wọ́n sì ti ń gbé e ni ọ̀mọ̀wé ń sọ ìtumọ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan fún un. Ọ̀mọ̀wé ti kú tipẹ́. Ìtumọ̀ náà ṣì wà lórí bàbá mi, kò sí èyí tó já bọ́ níbẹ̀.

Àpótí márùn-ún ló wà ní gbọ̀ngàn náà, agbárí kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi á dúró ti àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Homo habilis. Homo, ènìyàn ni. Habilis, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Òkúta tí wọ́n là ni wọ́n bá nítòsí egungun rẹ̀, ni wọ́n bá ní ọlọ́wọ́ iṣẹ́ rèé." Á sún mọ́ èkejì. "Homo ergaster. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, Látìn ló kàn wọ̀ ọ́ láṣọ. Òṣìṣẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ kí i pé ẹ kú iṣẹ́." Àwọn ọmọ á sì kí i. Ìkẹta ni erectus, ẹni tó dúró ṣánṣán. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti máa ń ní kí àwọn tó fara ti ògiri nàró, kí wọ́n má baà rán wọn padà sẹ́yìn. Ìkẹrin, neanderthalensis, kò rí orúkọ ìwà gbà. Àfonífojì tí wọ́n ti hú egungun rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. "Ó dà bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò bi ní orúkọ," ni bàbá mi máa ń wí, "tí wọ́n kàn ń pè ní Ará Ìsàlẹ̀." Ìkarùn-ún ni àwa fúnra wa, Homo sapiens, ọlọ́gbọ́n ènìyàn. "Ta ló sọ ọ́ ní ọlọ́gbọ́n? Òun náà ni! Ẹni tó fẹ́ sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ṣé ó máa yan èyí tí kò dùn?" Ẹ̀rín á sọ.

Ó tó ọdún kan tí ojú bàbá mi ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún mi, èmi náà ò sọ pé mo mọ̀. Mo kọ́kọ́ rí i tó ń da omi gbígbóná sórí tábìlì, tí ife wà lọ́tọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó bi kóòtù mi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ṣé ó sùn dáadáa. Bí lẹ́tà bá dé, á ní, "Bá mi kà á, awò ojú mi ti dọ̀tí." Mo máa ń kà á. Mo máa ń ti àga padà sí àyè rẹ̀ kó má baà kọsẹ̀. Ní ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ló ń kà: ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án láti ẹnu ọ̀nà dé àpótí àkọ́kọ́, mẹ́fà láàárín àpótí kan sí èkejì. Mo ti dúró lẹ́yìn òpó, mo ti bá a kà á. Kò ṣì í rí.

Ọ̀gá Àgbà tuntun dé ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Fáìlì ló mọ̀, kò mọ egungun. Ó ní afinimọ̀nà méjì ti pọ̀ jù, ọ̀kan ló máa kù. Ó ti tẹ̀lé ẹnì kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì kan, ó sì ti gbọ́ tirẹ̀. Ó wá ku bàbá mi. Láago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ogójì ọmọ ilé-ìwé máa wá pẹ̀lú olùkọ́ wọn, Ọ̀gá Àgbà á sì máa rìn lẹ́yìn wọn. Bí bàbá mi bá ṣe é dáadáa, wọ́n á fún un ní ọdún méjì sí i. Bí kò bá ṣe é dáadáa, ilé ló ń lọ. Mo sì mọ ohun tí ilé máa fi ọkùnrin yẹn ṣe. Ẹni tí kò ríran, tí kò tún sí ẹni tó máa bi í ní ìtumọ̀ ohunkóhun, kò ní lo ọdún kan lórí àga.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ bá àbúrò mi obìnrin kó ẹrù lọ sí ilé tuntun. Ìgbà tí mo fi dé lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi ti sùn. Ìgbà tí mo fi jí lọ́jọ́ Ajé, ó ti lọ sí ibi iṣẹ́. Láago méje ààbọ̀ ni mo gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kọjá, mo yọjú wò ó lásán, mo sì dúró gbagidi.

Wọ́n ti ṣí àpótí nípò. Agbárí sapiens ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Habilis ló wà ní ìpẹ̀kun.

Mo sáré lọ bá adènà. Ó ní òrùlé ló jò lọ́jọ́ Sátidé, ní ọ̀gangan àpótí karùn-ún gan-an. Símẹ́ńtì funfun ni wọ́n fi mọ àwọn mẹ́rin yòókù, ṣùgbọ́n ojúlówó egungun ni sapiens, omi ò gbọdọ̀ kàn án. Ni àwọn káfíńtà bá gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà níbi tó gbẹ, wọ́n gbé habilis lọ sábẹ́ ibi tó ń jò, wọ́n sì kan àkọlé oníkálukú mọ́ ọn.

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà lókè lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà, wọ́n ń mu tíì. Àǹtí Onídẹ, kí ló dé? A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán o."

Mo ti wà lórí àtẹ̀gùn. Akọ̀wé Ọ̀gá Àgbà jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń kun èékánná, ó ní ọ̀gá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi láti inú. Akọ̀wé ní, "Ṣé kí n bá yín jíṣẹ́ fún wọn?" Kí ni kó wí fún un? Kó wọlé lọ sọ níwájú Ọ̀gá Àgbà pé wọ́n ti ṣí àpótí nípò? Ẹni tó bá ríran, ta ló ń rán ẹnìkan sí i pé àpótí ti ṣí nípò? Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo sọ̀kalẹ̀, mo tún gòkè, mo tún sọ̀kalẹ̀. Ìyá Agbálẹ̀ pàdé mi lójú àtẹ̀gùn pẹ̀lú korobá rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí. Bàbá yín..." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ráyè," mo sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àpótí ò ṣeé gbé. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé ọ̀kan. Àmọ́ àkọlé, mo lè gbé ìyẹn, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni ò dá agbárí mọ̀ lójú nílé yìí àfi bàbá mi. Ọ̀gá Àgbà, àkọlé ló máa kà. Olùkọ́, àkọlé ló máa kà. Bí bàbá mi bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó pe habilis, tí àkọlé náà sì ń pe habilis, tó dé ìpẹ̀kun tó pe sapiens, tí àkọlé ń pe sapiens, ta ló máa mọ̀? Kí egungun máa jẹ́ ohunkóhun tó bá wù ú. Mo tilẹ̀ yin ara mi pé orí mi pé.

Súkúrù mẹ́rin ló wà lára àkọlé kan. Mo tú mẹ́rin, mo tú mẹ́rin. Ọ̀kan kọ̀, mo fi agbára yí i, irin yọ̀, ó sì ha mí níka. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí orúkọ ọlọ́gbọ́n, mo fi aṣọ mi nù ún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gbogbo ayé ló mọ òwe yẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo mú súkúrù tó kẹ́yìn le, mo ń gbọ́ ariwo ọmọ nínú ọgbà. Mo sá sẹ́yìn òpó, mo ki ìka bọ ẹnu.

Wọ́n wọlé ní méjì-méjì. Olùkọ́ wọn jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ka orí wọn lọ, ka orí wọn bọ̀. Ọ̀gá Àgbà wà lẹ́yìn, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn. Bàbá mi wọ kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án, ó dúró, ó yíjú sí wọn.

"Ẹ kú àbọ̀," ó ní. "Lónìí, àárín ilé ti dàrú díẹ̀, àbíkẹ́yìn ló wá ṣáájú àkọ́bí. Òrùlé ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó wà lẹ́yìn mi yìí ni Homo sapiens. Homo, ènìyàn. Sapiens, ọlọ́gbọ́n."

Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àkọlé tó wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, tí mo fi ẹ̀jẹ̀ ìka mi dè, habilis ló ń kígbe.

Ọmọbìnrin kan níwájú nawọ́ sókè. "Bàbá, ohun tí wọ́n kọ síbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Wọ́n kọ Homo, wọ́n wá kọ ha-bi-lis."

Mo rí i tí ìka bàbá mi ń wá bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, tó dì í mú. Olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á, ó ní òótọ́ ni, habilis ni. Ọ̀gá Àgbà wúkọ́. Ẹsẹ̀ mi ń fẹ́ jáde lẹ́yìn òpó, mò ń fà á padà.

"Ọmọ mi," ni bàbá mi wí fún ọmọbìnrin yẹn, "fi ọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ. Ó yọ síwájú àbí kò yọ?"

"Ó yọ."

"Wo ti ẹni inú gíláàsì yìí. Òun náà ńkọ́?"

"Ó yọ!"

"Ẹ̀yin yòókù, ẹ wo iwájú orí rẹ̀. Ó ga bí ògiri, àbí ó fì sẹ́yìn?"

"Ó ga!" Gbogbo wọn ló fi ariwo dá a lóhùn.

"Ó tán. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn yìí, àwa nìkan la ní àgbọ̀n tó yọ báyẹn. Àkọlé ló ṣìnà, egungun ò ṣìnà."

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ǹ bá jó. Ọ̀gá Àgbà ló wá síwájú. Kò sọ̀rọ̀ líle. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí lára rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ní kí ọmọdé bá yín kà á? Lẹ́tà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìka mi." Ó yọ ìwé kan nínú àpò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìlà àkọ́kọ́ níbí."

Bàbá mi gba ìwé náà. Ó gbé e sókè sí ojú rẹ̀. Ìwé náà dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ kan bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ di ọmọ náà lẹ́nu mú. Mi ò mọ ìgbà tí mo jáde lẹ́yìn òpó.

"Èmi ni!" mo ní. "Èmi ni mo pààrọ̀ àkọlé yẹn láàárọ̀ yìí. Bàbá mi ò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n sọ ló tọ̀nà."

Ọ̀gá Àgbà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ mi. "Kí ló dé tí o fi pààrọ̀ rẹ̀?"

Bí mo bá sọ ìdí rẹ̀, mo ti ta bàbá mi. "Àṣìṣe ni, sà," mo ní. "Mi ò fara balẹ̀ ni."

"Má purọ́," ni bàbá mi wí. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó nà án síbi tí ohùn Ọ̀gá Àgbà ti wá, ó sì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ wẹ́kú. "Nítorí mi ló ṣe ṣe é. Ojú mi ò ríran mọ́, ọ̀gá. Ó rò pé mi ò ní mọ̀ pé àpótí ti ṣí nípò."

Olùkọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá lè bá wa parí rẹ̀? Ọ̀nà tí a ti wá jìn." Ọ̀gá Àgbà wo aago, ó wo ogójì ojú tó ń wò ó, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Bàbá mi sì ń bá a lọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà, òṣìṣẹ́, wọ́n kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ẹni tó dúró ṣánṣán. Ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. Nígbà tó dé ìpẹ̀kun, omi ṣì ń kán láti òkè, ó ń bọ́ sínú ike kan, kán, kán. "Èyí ni habilis," ó ní. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ọwọ́ yẹn ò ní àbùkù. Òkúta tó bá mú, ó ń là á. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ, bí ọwọ́ bá mọ iṣẹ́ tó báyìí, kó máa dúró de orí nígbà mìíràn." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti fún àwa méjèèjì ní ìwé. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún oṣù méjì. Bàbá mi máa ṣe é dé ìparí oṣù, onítáì á sì gba gbọ̀ngàn. Mo wà ní yàrá mi, mò ń da irinṣẹ́ sínú àpò, tí mo tún ń kó wọn jáde, nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò sí ẹni tó mú un lọ́wọ́. Ó wá àga, ó jókòó.

"Ta ló sọ ti àpótí fún yín?" mo bi í.

"Ìyá Agbálẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù lánàá. Mo wá, ó mú mi lọ́wọ́, a rìn ín títí ó fi yé ẹsẹ̀ mi."

"Ṣé ó mọ̀ nípa ojú yín ni?"

"Ó ti bi mí, ó tó oṣù mẹ́jọ. Ó ní, Bàbá Látìn, ṣé ẹ ò ríran mọ́ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní pẹ̀lẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, tí mò ń sè, tí mò ń fọ̀, ó wá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló mọ̀. "Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi," mo ní. Ohùn mi ti ń lọ sókè.

"Mò ń dúró kí o bi mí ni. O kì í dúró, ọmọ mi. Bí mo bá ti ń ṣètò ọ̀rọ̀ lẹ́nu báyìí, màá gbọ́ bàtà rẹ lọ́nà ìta. O rò pé bí ojú mi ṣe ń lọ, orí mi náà ló ń lọ. O lọ ń pààrọ̀ àkọlé nítorí mi, o ò lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú mi."

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ni wọ́n ń wí. Mo gbé irinṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo wò ó, ó kọjú sí ibi tí mo wà, kò sì wò mí.

"Bàbá mi," mo ní, "ṣé ẹ ń rí mi rárá?"

"Rárá," ó ní. "Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mi ò ti rí ojú rẹ mọ́. Mò ń gbìyànjú kí n má gbàgbé bó ṣe rí."

Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.